Ẹ dá ìsinmi aago mẹ́wàá padà fún àwọn ọmọ: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olùdarí ilé ẹ̀kọ́ ní Kétu

Sí ẹ̀yin olùdarí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi àti ilé ìtọ́jú ìkókó ní Kétu, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò ní jẹ́ ká kí yín pẹ́.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ yìí ni àwọn kan nínú yín ti fagi lé ìsinmi aago mẹ́wàá níta. Aago mẹ́jọ ni àwọn ọmọ ń wọ kíláàsì, wọn kì í jáde títí aago méjìlá á fi lù. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ti ń jẹ àkàrà wọn. Níbòmíràn, wọ́n ti fi páànù bo ojúde tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, alùpùpù àwọn olùkọ́ ló wà níbẹ̀ báyìí. Alùpùpù rí ìsinmi, ọmọ kò rí. Ohun tí ẹ ń sọ fún àwọn òbí ni pé oòrùn ń sọ ọmọ di dúdú, ooru ń dá wọn dùbúlẹ̀, ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n, àti pé oòrùn tí wọ́n ń rí nígbà tí wọ́n bá ń fa àsíá sókè láàárọ̀ ti tó wọn. Ẹ tún ní kí òbí tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lọ ra àmpúùlù (ìgò oògùn kékeré) fítámínì D, ohun tí ara ń ti inú oòrùn ṣe fún egungun, ní fàmásì.

Iṣẹ́ ìlera ọmọdé àti ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ ni iṣẹ́ àwa tí a kọ ìwé yìí. Ẹ jẹ́ ká mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. Oòrùn ìdí àsíá kọ́ ló ń ṣe fítámínì D.

Ìtànṣán kan tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní UVB, ló ń ṣe é. Bó bá bà lé awọ ara, ó ń yí ọ̀rá kan tó wà nínú awọ náà padà, ìgbóná ara á parí rẹ̀, ẹ̀dọ̀ á tún un ṣe, kíndìnrín á sì sọ ọ́ di èyí tí ara ń lò láti fa kálísíọ̀mù inú oúnjẹ, èyí tó ń mú egungun le, gba ara ìfun wọlé. Bí UVB kò bá dé ara ọmọ, iṣẹ́ inú awọ yìí kò ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn bá ṣì wà nísàlẹ̀, ọ̀nà tí UVB ń gbà nínú òfuurufú gùn, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì ti run kó tó kan ilẹ̀. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ ọ́n, òjìji tó. Ẹ mú ọmọ kan dúró ní ìdí igi àsíá ní aago mẹ́jọ, kí ẹ fi ẹsẹ̀ wọn òjìji rẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀. Òjìji náà á tó ìlọ́po mẹ́ta gíga rẹ̀, nígbà ọyẹ́ ó lè tó ìlọ́po mẹ́rin. Ọmọ tó ga mítà kan, òjìji rẹ̀ á nà tó mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Oòrùn yẹn mọ́lẹ̀, ó tutù, ó dára lára, ṣùgbọ́n fítámínì D tó lè ti inú rẹ̀ jáde kò tó nǹkan. Ìgbà tí òjìji bá kúrú ju ẹni tó ni ín lọ ni UVB ń sọ̀ kalẹ̀ dáadáa.

Kétu wà ní nǹkan bíi dìgírì 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ń dúró ní ọ̀gangan àtàrí wa, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Aago wa sì ń sáré ṣáájú oòrùn: nígbà tí ọwọ́ aago bá kan méjìlá, oòrùn kò tíì dé góńgó, ó di nǹkan bíi aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó débẹ̀. Nítorí náà, ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, nǹkan bíi aago mẹ́wàá ni òjìji ọmọ ń bá gíga rẹ̀ dọ́gba. Ní oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní, tí ọyẹ́ bá dé, ó ń tó aago mẹ́wàá àbọ̀. Ìsinmi tí ẹ fagi lé ló bọ́ sí àkókò yìí gẹ́lẹ́. Nínú gbogbo wákàtí mẹ́rin tí ọmọ ń lò lọ́dọ̀ yín láàárọ̀, ìlàjì wákàtí tó wúlò jù fún egungun rẹ̀ lẹ mú kúrò, tí ẹ sì fi èyí tí kò wúlò sílẹ̀ fún un.

2. Fèrèsé gíláàsì kò lè rọ́pò ìta.

Gíláàsì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó sì ń dá UVB dúró sẹ́yìn. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ páànù oníke tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Ọmọ tó jókòó sínú oòrùn tó gba ojú gíláàsì wọlé ń làágùn lásán ni. Abẹ́ igi yàtọ̀ sí èyí: bí ojú ọ̀run bá hàn gbangba yíká igi náà, UVB tó ti fọ́n káàkiri inú òfuurufú ń yà bá ọmọ láti ẹ̀gbẹ́. Ọmọ tó ń sáré bọ́ sínú oòrùn tó tún ń sá padà sábẹ́ igi ń rí tirẹ̀ gbà.

3. Lórí ọ̀rọ̀ dídúdú.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ Kétu ni wọ́n. Àwọ̀ dúdú ni ẹwù tí Ọlọ́run dá fún wọn láti fi rìn lábẹ́ oòrùn yìí. Ẹwù náà sì nípọn: ohun tó ń mú awọ dúdú ń gba púpọ̀ nínú UVB dúró, nítorí náà ọmọ aláwọ̀ dúdú nílò àkókò tó gùn ju ti òyìnbó lọ kó tó ṣe ìwọ̀n fítámínì D kan náà. Ẹni tó yẹ kó pẹ́ níta lẹ tì mọ́lé.

Àwọn ọmọ tó jẹ́ àfín ni ọ̀rọ̀ yìí kò bá wí. Oòrùn ń jó awọ tiwọn kíákíá, jíjó lemọ́lemọ́ sì ń fa jẹjẹrẹ awọ. Abẹ́ igi tàbí àtíbàbà ni kí wọ́n ti ṣeré, pẹ̀lú àkẹtẹ̀ onígbòòrò létí àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, kí wọ́n sì jókòó síwájú ní kíláàsì nítorí ojú wọn. Ọmọbìnrin tó ń lo ìbòrí, kí ẹnikẹ́ni má ní kó ṣí i. Ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ń gba díẹ̀, ìyá rẹ̀ á sì mọ bí yóò ṣe ṣe ìyókù lẹ́yìnkùlé ilé.

4. Àmpúùlù tí ẹ fi rọ́pò oòrùn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ìkókó tí kò tíì pé ọdún kan nílò yúníìtì 400 fítámínì D lójúmọ́, ìyẹn mákírógíráàmù 10. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ àgbáyé lórí àrùn egungun rírọ̀ gbé jáde ní 2016 nìyẹn, fún gbogbo ìkókó, nítorí pé èyí tó wà nínú ọmú ìyá kéré púpọ̀, a kò sì lè gbé ọmọ oṣù méjì sínú oòrùn aago mọ́kànlá. Ọmọ tó ti lé lọ́dún kan nílò 600, láti inú oúnjẹ, oòrùn tàbí oògùn. Ẹ wá wo ara àmpúùlù: òmíràn ní 100,000 nínú, òmíràn 200,000. Àmpúùlù 200,000 kan jẹ́ oúnjẹ ọjọ́ 500 fún ìkókó. Dókítà lè fún ọmọ ní irú rẹ̀, nítorí pé ó ṣírò rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú káànẹ́ (ìwé ìlera ọmọ), ó sì mọ ọjọ́ tí òmíràn kàn. Bí ilé ìtọ́jú ìkókó bá fún un lọ́jọ́ Ajé, tí ìyá fún un lọ́jọ́ Ẹtì, tí nọ́ọ̀sì tún fún un nígbà abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, ta ló ń ṣírò?

Ìgò elékán-ẹ̀kán náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 2021, àwọn àjọ ìlera ilẹ̀ Faransé kéde ìkìlọ̀ nítorí àwọn ìkókó tí wọ́n fún ní àpọ̀jù: ìgò tí wọ́n rà ní 10,000 yúníìtì nínú ẹ̀kán kan ṣoṣo, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀kán oògùn tí dókítà sábà ń kọ fún ọmọ jẹ́ nǹkan bíi 300. Ìgò méjèèjì jọra lójú. Igi gànganran má gùn-ún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ìgò ní Faransé: iye «UI» (yúníìtì) nínú «goutte» (ẹ̀kán) kan. Bí kò bá sí i níbẹ̀, ẹ má lò ó fún ọmọ. Bí ẹ bá fẹ́ kán an, ẹ dojú ìgò kọlẹ̀ gbọọrọ, kí ẹ kán an sínú ṣíbí, kì í ṣe sí ẹnu ọmọ tààrà, torí pé ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta lè yọ́ bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má kán an sínú ìgò oúnjẹ tó kún, nítorí bí ọmọ kò bá mu ún tán, ẹ kò mọ èyí tó gbé mì. Ẹ kọ ọjọ́ àti iye rẹ̀ sínú káànẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Àpọ̀jù fítámínì D ń gbé kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ga. Ọmọ á kọ oúnjẹ, á máa bì, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ á le, ara rẹ̀ á rọ jọ̀wọ̀lọ̀. Bó bá pẹ́, kíndìnrín rẹ̀ á bàjẹ́. Oòrùn kì í ṣe èyí. Bí ó bá ti ṣe é tó, oòrùn kan náà ló ń tú àjẹkù rẹ̀ ká nínú awọ. Kò sí àmpúùlù tó mọ ìgbà tó yẹ kó dúró.

Ọ̀rọ̀ kan nípa àyẹ̀wò fítámínì D inú ẹ̀jẹ̀, torí pé àwọn òbí ń ná owó lé e: kì í ṣe gbogbo ọmọ ló nílò rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti ṣe é, kó wo irú ìwọ̀n tí wọ́n kọ. 30 nmol/L àti 12 ng/mL jẹ́ ohun kan náà, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni àìtó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó rí 30 ng/mL tó rò pé ó jẹ́ nmol/L á máa fi oògùn yó ọmọ tí kò ní àrùn.

5. Oòrùn nìkan kò tó. Abọ́ oúnjẹ wà níbẹ̀.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìwé yìí kó rò pé bí ọmọ bá ti ń yá oòrùn, egungun rẹ̀ ti bọ́. Ní Jos ní Nàìjíríà, níbi tí oòrùn kò ti wọ́n, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ń tẹ̀ bí ọrun. Àwọn dókítà tọ́jú 123 nínú wọn, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1999. Kálísíọ̀mù tí àwọn ọmọ náà ń rí jẹ lójúmọ́ jẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 200. Wọ́n gún apá kan ní abẹ́rẹ́ fítámínì D 600,000 yúníìtì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fún apá kejì ní kálísíọ̀mù mílígíráàmù 1000 lójúmọ́, wọ́n fún apá kẹta ní méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, mọ́kàndínlógún péré nínú ọgọ́rùn-ún ló gbádùn dáadáa láàárín àwọn tó gba fítámínì D nìkan. Ti kálísíọ̀mù nìkan jẹ́ 61, ti méjèèjì jẹ́ 58. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀yin tí ẹ ń ní kí òbí lọ ra àmpúùlù. Ìlànà 2016 tí a dárúkọ lókè ní ọmọ tó ti lé lọ́dún kan tí kò rí mílígíráàmù 300 jẹ lójúmọ́ wà nínú ewu.

Ẹ̀kọ àgbàdo lásán, tí a fi ṣúgà sí, ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń jẹ bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Kálísíọ̀mù inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tí àwọn ìyá olóúnjẹ ẹnu géètì yín lè fi kún un wà lọ́jà: ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ tí a lè jẹ torí-tegungun, edé, wàrà Fúlàní tí a ń pè ní wàgàṣì, ewé oṣè, yànmọ̀tí. Yànmọ̀tí tí a kò bó, gíráàmù 100 rẹ̀ ní kálísíọ̀mù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílígíráàmù 1000. Bí wọ́n bá bó o, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti bá èèpo lọ. Fún ẹja, kí wọ́n mú èyí tí iyọ̀ kò pọ̀ lára rẹ̀, kí wọ́n fọ yanrìn kúrò, kí wọ́n tún un sá títí á fi máa ṣẹ́ pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, kí wọ́n gún un tegungun-tegungun, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n sì kó o sínú agolo tó gbẹ. Ṣíbí kékeré kan lórí abọ́ ọmọ, nígbà tí wọ́n bá ti sọ oúnjẹ kalẹ̀ lórí iná. Bí wọ́n bá yọ egungun dànù nítorí kó lè kúnná, adùn ló kù, kálísíọ̀mù ti lọ. Àwọn kan ń rò pé kánún lè ṣe é. Kò lè ṣe é. Iyọ̀ sódíọ̀mù ni kánún.

Àwọn olùkọ́ yín ló ń rí ẹsẹ̀ ọmọ lójoojúmọ́ ju dókítà lọ, nítorí náà kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n máa wò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe àrùn. Lẹ́yìn ọdún méjì, kó dúró, kó pa kókósẹ̀ méjèèjì pọ̀: bí àlàfo àárín orúnkún bá ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, tàbí bí orúnkún bá ń gbá ara wọn tí kókósẹ̀ sì jìnnà síra, tàbí bí ọrùn ọwọ́ bá wú bí ẹni pé ó ní ìsẹ́po méjì, ẹ pe òbí, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ẹnikẹ́ni má fi igi de ẹsẹ̀ náà, kó má sì máa wọ́ ọ.

6. Ọkàn ọmọ àti ojú rẹ̀.

Àwọn kan ti ń tà á fún àwọn òbí pé fítámínì D ń lé ìbànújẹ́, pé ó ń mú ọmọ já fáfá. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn àgbàlagbà ní 2000 yúníìtì lójúmọ́ fún ohun tó lé lọ́dún márùn-ún, wọ́n fún àwọn mìíràn ní kóró asán. Gbogbo wọn jẹ́ 18,353. Èsì tó jáde ní 2020 ni pé fítámínì náà kò dín ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kù rárá. Ọ̀nà mìíràn ni oòrùn ń gbà dé ọkàn, ojú ló sì ń gbà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà lẹ́yìn ẹyinjú tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe láti ríran, bí kò ṣe láti sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Wọ́n ń dá omi ara tó ń mú oorun wá dúró, wọ́n sì ń to aago ara kí oorun lè dé lásìkò lálẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Nínú kíláàsì onípáànù tí fèrèsé rẹ̀ kéré, ìmọ́lẹ̀ lè má ju lux 100 sí 300 lọ (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀). Lábẹ́ igi níta, ó ń tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lux. Ẹ̀rọ tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù lè wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé e sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn, kí ẹ wò ó. Ọmọ tó lo gbogbo àárọ̀ nínú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ kì í tètè sùn lálẹ́, ó ń jí pẹ̀lú ìkanra, ẹ sì ń pè é ní olórí kunkun.

Ibí ni oòrùn àsíá yín ti wúlò, a gbà fún yín. Ẹ má fagi lé e.

Ní Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n fi ìṣẹ́jú 40 eré ìta kún ọjọ́ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà. Nígbà tí ọdún mẹ́ta pé, nǹkan bíi ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ náà ni kò rí ọ̀ọ́kán mọ́; láàárín àwọn tí kò gba àfikún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì (30.4 sí 39.5). 2015 ni èsì yìí jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàníyàn nípa àmì ìdánwò, ọmọ tí kò rí pátákó ń dàwé ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ ni.

7. Ooru àti ẹ̀fọn.

Òótọ́ ni pé ooru ẹ̀ẹ̀rùn Kétu kì í ṣe ohun eré, láti oṣù kejì títí òjò á fi rọ̀. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí ọmọ mu omi kó tó jáde, kó tún mu nígbà tó bá wọlé. Kí igi tàbí àtíbàbà wà ní ìdajì ojúde. Kí wọ́n má ṣe sáré ìdíje níbi tí símẹ́ńtì ti ń jó ẹsẹ̀. Ọmọ tí orí ń fọ́, tí òòyì ń kọ́, tó sì ń bì, ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, ẹ fi omi tutù nu ara rẹ̀, ẹ pe òbí. Ẹlẹ́jẹ̀ SS gbọ́dọ̀ ní ìgò omi tirẹ̀ lọ́wọ́. Ní ti ẹ̀fọn, èyí tó ń gbé ibà kiri, òru ló ń jẹun. Ẹ̀fọn tó ń jẹni lọ́sàn-án ń pamọ nínú táyà àti agolo olómi tó wà lẹ́yìn kíláàsì yín. Ẹ dà wọ́n nù.

8. Ohun tí a ń bèèrè.

Ìsinmi ìta láti aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí aago mọ́kànlá ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, pẹ̀lú káàkì ọlọ́wọ́ kúkúrú. Nígbà ọyẹ́, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá àbọ̀, kó parí ní aago mọ́kànlá, kí ẹ sì wọ́n omi sílẹ̀ nítorí eruku. Ẹ kó alùpùpù kúrò ní ojúde. Kí ilé ìtọ́jú ìkókó jáwọ́ nínú fífún ọmọ ní àmpúùlù láìsí ìwé dókítà, kí wọ́n sì máa wo káànẹ́ kí wọ́n tó kán ohunkóhun sí ọmọ lẹ́nu. Ẹ pe àwọn ìyá olóúnjẹ jọ lọ́jọ́ kan. A ó wá fi ẹja gígún náà hàn wọ́n, a kò ní gba kọ́bọ̀. Kíláàsì tó ṣókùnkùn jù, ẹ yọ páànù méjì lórí rẹ̀, kí ẹ fi èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá rọ́pò.

A fẹ́ gbọ́ èsì yín kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé. Olùdarí tí ọ̀rọ̀ òjìji yìí kò bá dá lójú, kó mú okùn ìwọ̀n kan, kó pè wá. A ó pàdé rẹ̀ ní ìdí àsíá ní aago mẹ́jọ, a ó sì tún wọ̀n ọ́n ní aago mẹ́wàá àbọ̀.

Àwa oníṣẹ́ ìlera ọmọdé àti oúnjẹ ọmọ,
Kétu.